Ta Ní Ń Kan Ọ̀pẹ Lẹ́yìn Ilé Ìdáná Mi

Èmi ni wọ́n ní kí n ru Etí, ìyáálé mi ló ru oúnjẹ. Etí náà rí bí akèǹgbè dúdú tí wọ́n fi irin yí lọ́rùn, ó wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, ó sì ní iná kékeré kan níwájú tó máa ń yí àwọ̀. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ àbùkù sí ẹnìkejì rẹ̀, iná á pọ́n. Bí inú èèyàn bá dùn, á tan àwọ̀ ewé. Bó bá sì gbọ́ ohùn ẹyẹ tí wọ́n ń wá, àwọ̀ aró ni yóò tàn. Láti ìgbà tí a ti wọ igbó ní òwúrọ̀, a kò tíì fojú kan aró. Ewé nìkan là ń rí, nítorí èmi àti ìyáálé mi ń kọrin bú ara wa.

Àwọn tó ṣe Etí kò gbọ́n. Wọ́n kọ́ ọ ní gbogbo èébú tó wà lẹ́nu ọmọ Yorùbá, kò ku ẹyọ kan, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ pé orin, ayọ̀ ni. Ó dájú pé kò sí obìnrin tó gbé ilé olórogún rí nínú wọn. Bí mo bá fẹnu lásán sọ fún ìyáálé mi pé orí rẹ̀ dà bí ìkòkò àgbo, ẹ̀gbà ẹjọ́ tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ mi á fún mi pinpin. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi orin gbé e, tí mo sì jùdí díẹ̀ sí i, Etí á tan ewé, á fi ohùn rẹ̀ tó dà bíi ti ẹni tó ń lá oyin sọ pé, "Ayọ̀."

Ọ̀gá Dúródọlá ló ń lọ níwájú wa. Láti ìlú ńlá ni ìjọba ti rán an wá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa wá ẹ̀dá tó bá ṣẹ́kù ẹyọ kan. Òfin ni pé ohun abẹ̀mí tó bá ti ṣẹ́kù ẹyọ kan, ti ìjọba ni. Wọ́n á gbé e lọ sí Ilé Dígí kí ohun búburú má baà ṣe é, kí àwọn èèyàn sì lè máa wò ó. Àkókó ló ń wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹyẹ tí ń fi ẹnu gbẹ́ igi. Ọmọ tí mo lè bí ni ọkùnrin náà, bàtà rẹ̀ ń dán bíi pé òde ìyàwó ló ń lọ. Bó bá rìn díẹ̀, á dúró, á na ìka sókè pé kí a dákẹ́, á wá máa yí ọrùn bí àkùkọ tó rí òjìji àṣá. Kò sí nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ ni, àti Etí tó ń kùn lórí mi.

Igbó náà fúnra rẹ̀, n kò mọ orúkọ tí ǹ bá pè é. Nígbà tí mo wà ní ìyàwó tuntun, bí o bá wọ ibẹ̀, ọwọ́ lo máa fi la ojú ọ̀nà. Ọdún tí iná ńlá jó gbogbo òkè wa ni ìjọba ṣòfin pé òkú igi kò gbọdọ̀ dúró mọ́. Wọ́n kó Agégi dé, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí ń rìn bí alákàn, tó ń fi imú wá igi tó ti kú kiri. Kó tó di pé o sín tán, ó ti rún un lúúlúú. Ní báyìí gbogbo igi ló wà láàyè, wọ́n tò bí ọmọ iléèwé, ìdí wọn mọ́ bíi pálọ̀ ẹni tí kì í ní àlejò. Inú irú igbó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń na ìka sókè, tí wọ́n ń wá ẹyẹ.

Rírìn ti rẹ ìyáálé mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi. Mo ní n kò ní jẹ́ kó sinmi. Mo gbé orin:

*Ẹni tó so ààlè mọ́ òkú ọ̀pẹ,*
*Òkú ló fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí.*
*Òkú kì í jẹ́rìí, arúgbó,*
*Lọ tú àkísà rẹ sílẹ̀.*

Etí ní, "Ayọ̀." Ìyáálé mi gbé apẹ̀rẹ̀ sí èjìká kejì, ó fi ohùn rẹ̀ tó ti há dá mi lóhùn:

*Olóhùn bí agogo tó sán*
*Ń pe ara rẹ̀ ní olórin.*
*Bó o bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun,*
*Dákẹ́, kí ọmọ lè rí oorun sùn.*

"Ayọ̀," ni Etí wí. "Àwọn méjèèjì ní ayọ̀."

Àmọ̀kẹ́ lorúkọ ìyáálé mi. Ìjà wa kò ṣòro sọ. Adẹ́mu ni ọkọ wa, ọ̀pẹ kan sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná mi tí ẹmu rẹ̀ dùn ju ti gbogbo ọ̀pẹ yòókù lọ. Ó sọ fún mi pé bí òun bá kú, èmi ni mo ni ín. Àmọ̀kẹ́ ní òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé òun lòun ni ín. Ó ṣeé ṣe kó sọ fún àwa méjèèjì. Ọkùnrin tó ń jẹun nínú ìkòkò méjì, kí ni kò ní ṣèlérí? Nígbà tó kú, ọ̀pẹ náà kò pẹ́ kó tó tẹ̀lé e. Orí rẹ̀ já, ìtì rẹ̀ kù gbọnrangandan, ó ń tẹ̀ síhà òrùlé mi. Mo ní kí Agégi wá gé e. Bí Àmọ̀kẹ́ ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó so ààlè mọ́ ọn: àkísà pupa, ìkarahun ìgbín tó fọ́, àti ṣùkù àgbàdo. Ẹni tó so ààlè nìkan ló lè tú u, ọmọ ọjọ́ mélòó kan mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olè tí ẹ̀rù Ọlọ́run kò bà, bó bá rí ààlè, á yà.

Mo pè é lẹ́jọ́. Òfin sì ni pé ohun tí ẹjọ́ bá wà lórí rẹ̀, Agégi kò gbọdọ̀ fi eyín kàn án títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹjọ́ kò parí. Ó ní bẹ́ẹ̀, mo ní báyìí, wọ́n fi ẹ̀gbà sí wa lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀gbà ẹjọ́ lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ rékọjá òkúta ààlà abúlé; bó bá dán an wò, ẹ̀gbà á gbóná débi tí á fi jókòó. Bí àlejò ìjọba bá sì dé, àwa ni alárù rẹ̀; ìgbà yẹn nìkan ni ẹ̀gbà ń jẹ́ ká kọjá ààlà wọ igbó.

Ẹ̀sùn kejì tí mo fi kàn án ni ti kíkàn. Ní ọ̀sán, bí mo bá ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí kí n sinmi, ni màá gbọ́ kó-kó-kó-kó-kó lára ọ̀pẹ. Bí mo bá jáde, n kò ní bá ẹnì kankan. Arúgbó náà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti òkété. Mo fẹjọ́ sun Etí ńlá tó wà lórí òpó láàárín abúlé. Wọ́n bi Àmọ̀kẹ́ bóyá òun ló ń kàn án. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Èmi ni." Kò tilẹ̀ tijú. Láti ọjọ́ náà, bí ìró yẹn bá ti dún nínú àgbàlá wa, gbogbo Etí tó wà nítòsí á pọ́n, wọ́n á ní, "Ìró ìjà." Èyí máa ń dùn mọ́ mi nínú. Ó dára kí ìjọba mọ irú èèyàn tí mo ń bá gbélé.

Nígbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, ọ̀gá ní kí a sinmi. Àmọ̀kẹ́ pín iṣu sísun àti epo fún un, ó gbé tèmi sórí ewé sílẹ̀ fún mi, nítorí a kì í fi nǹkan lé ara wa lọ́wọ́. Ọkùnrin náà jẹun bí ọmọ tí ebi ti ń pa tipẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tara rẹ̀, n kò sì bi í. Ó ní òun lòun gbé agbe tó kẹ́yìn lọ sí Ilé Dígí. Ó ní ẹyẹ náà ń ké nígbà tí òun gbé e dé ibẹ̀, pé láàárín oṣù díẹ̀ ó dákẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń ṣí bí aṣọ tí kò gba aró dáadáa. Àwọn èèyàn ṣì ń tò láti wò ó. Ó tún ní òun ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá òun pé àkókó kì í gbé inú igi tútù, òkú igi ló ń gbẹ́ sùn, òkú igi ló ti ń jẹ kòkòrò, pé bí Agégi bá ń ṣe báyìí lọ, ẹyẹ kankan kò lè ṣẹ́kù. Wọ́n fún un ní bàtà tuntun, wọ́n ní kó tẹra mọ́ṣẹ́.

Ó fi ewé nu ọwọ́. Ó ní, "Ìyá, wọ́n rán mi kí n máa wá a ni. Wọn kò rán mi kí n rí i."

Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé kò sí ẹja lódò, tó tún ń ju àwọ̀n, tó sì tún wọ bàtà dídán lọ sódò. Irú wọn ló ń ṣàkóso wa. Mo fi orin kékeré kan ṣe bàtà náà yẹ̀yẹ́, Etí tan ewé, òun náà rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé òun ni mò ń bú.

Ọkàn mi kò sí lọ́dọ̀ ẹyẹ rárá. Fadérera ọmọ mi ti bímọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó dùn lẹ́nu mi: Fadérera ti bímọ, lẹ́yìn tí irun funfun ti yọ lórí rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti dákẹ́ bíbéèrè. Ìlú ńlá ló wà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú. Ta ni yóò wẹ ọmọ náà? Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ níbẹ̀, wọ́n á ti ọmọ ọlọ́mọ bọ inú rẹ̀ bí ẹni ti àwo bọ inú ọpọ́n, á jáde ní mímọ́, kò ní gbọ́ orin kan. Ta ni yóò na apá rẹ̀? Ta ni yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí rẹ̀ kó lè rí róbótó, kó má rí bíi ti àwọn kan? Orin tí mo ti tọ́jú fún ọmọ náà láti ọjọ́ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́ sí mi nínú.

Ẹ̀gbà ló dè mí. Òfin fàyè sílẹ̀ pé ẹlòmíràn lè gba ìjà jà, kó gba ẹ̀gbà lẹ́sẹ̀ rẹ, kó máa gbé abúlé nípò rẹ. Lánrewájú ọkọ Fadérera ti ń wí láti ọjọ́ yìí pé kò sí ohun tí òun kò lè ṣe fún ìyá ìyàwó òun. Nígbà tí mo ní kó wá gba ìjà mi jà fún oṣù mẹ́ta péré, ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àkókó tó ní òun á gbẹ́ pósí fún ìyá òun, ọjọ́ tí ìyá kú ni eéwo sọ ọ́ lẹ́nu. Bí àna mi ṣe rí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà mo ti pinnu. Ìgbàkigbà tí a bá bá àlejò ìjọba ru ẹrù tán, Etí á bi wá bóyá a ti ṣetán láti parí ìjà. Bí àwa méjèèjì bá ní "mo gbà," ẹ̀gbà á já, Agégi á gé ọ̀pẹ, kálukú á máa lọ. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń ní n kò gbà, kí Àmọ̀kẹ́ má baà sùn dáadáa. Lónìí màá gbà. Bí a ṣe ń padà bọ̀ láti inú igbó, mo fi orin sọ fún un. Mo ní kó tú ààlè rẹ̀, kí n lè lọ wẹ ọmọ. Mo ní òkú ọ̀pẹ kò lè wẹ ọmọ fún un, kò sì lè sin ín bó bá kú. Mo ń retí kó dá mi lóhùn. Láti ibẹ̀ títí a fi délé, kò gbé orin kankan, Etí sì dúdú lórí mi bí òkúta.

Nígbà tí a dé àgbàlá wa, Agégi ti dúró lẹ́yìn ọgbà. Ó ti gbóòórùn. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbogbo mọ́ abẹ́ ara, imú rẹ̀ ń gbọ̀n síhà ọ̀pẹ. Ọ̀gá Dúródọlá ní kí n sọ Etí kalẹ̀ sórí ìdí odó tó dojú dé nílẹ̀. Ó sọ fún Etí pé wíwá ti parí, pé wọn kò rí ẹyẹ. Ó rọrùn fún un láti sọ ọ́, ó ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti abúlé dé abúlé. Etí wá yí iná rẹ̀ sọ́dọ̀ wa.

"Àmọ̀kẹ́," ni ó wí, "ìjà lórí ọ̀pẹ. Ṣé o gbà kó parí?"

Ìyáálé mi dúró níwájú mi gan-an. Apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbá a mọ́ àyà. Ó wo ọ̀pẹ, ó wò ó pẹ́, bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn rẹ̀ lọ. Ó yíjú sí mi. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọkọ wa, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe orin.

Ó ní, "Ọmọ Fadérera ju gbogbo ẹ̀ lọ. Mo gbà."

Inú mi dùn débi tí mo fi fẹ́ jó. Mo ti ṣẹ́gun arúgbó. Mo la ẹnu báyìí láti sọ pé mo gbà.

Kó-kó-kó-kó-kó.

Lára ọ̀pẹ ni. Ẹ̀yìn ilé ìdáná mi. Mo wo Àmọ̀kẹ́. Ó wà níwájú mi, apẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹlòmíràn nínú àgbàlá.

Etí pọ́n. Ó ní, "Ìró ìjà."

Kó-kó-kó-kó-kó.

"Ìró ìjà," ni Etí tún wí, bí òmùgọ̀.

Mo yí ọrùn díẹ̀díẹ̀. Lókè lára ọ̀pẹ náà, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí orí rẹ̀ ti já, ihò róbótó kan wà tí n kò rí rí, nítorí n kì í wo òkè ohun tí mo bá kórìíra. Ẹyẹ kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé àwùsá, orí rẹ̀ pupa bí àkísà ààlè. Ó fa ọrùn sẹ́yìn, ó sọ ẹnu mọ́ igi. Gbogbo ọ̀sán tí n kò rí oorun sùn, òun ni.

Arúgbó náà mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ìgbà tó ti ní, "Èmi ni." Ó gba ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ó jẹ́ kí n fi orin fa orúkọ rẹ̀ ya káàkiri abúlé, ó sì ń lọ sùn bí ẹni tí kò ṣe nǹkan. Ẹ wo ìgbéraga. Ó tilẹ̀ rò pé bí òun bá sọ fún mi, èmi á lọ pariwo. Òótọ́ ni, ǹ bá pariwo. Ìyẹn kò sọ ọ́ di èèyàn gidi.

Mo wo Ọ̀gá Dúródọlá. Òun náà ń wo òkè. Ẹnu rẹ̀ là, ọwọ́ rẹ̀ dúró sí afẹ́fẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan tó ń jábọ̀. Ohun tó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn, ó wà lórí òkú igi lẹ́yìn ìkòkò ọbẹ̀ mi. Bó bá ti pe orúkọ rẹ̀ báyìí, wọ́n á gbé e lọ jókòó ti agbe. Bí mo bá sì ní mo gbà, ìró náà kò ní jẹ́ ti ìjà mọ́: Etí á mọ̀ ọ́n, Agégi á rún ilé rẹ̀, Ilé Dígí á gba ìyókù.

Ọ̀gá náà tẹ̀ba. Ó fi ọwọ́ gbọn eruku kúrò lára bàtà rẹ̀, ó ń gbọn ọ́n, ó ń gbọn ọ́n, kò gbójú sókè. Kò pe orúkọ kankan.

"Ìyá Fadérera," ni Etí wí, "ìjà lórí ọ̀pẹ. Ṣé o gbà kó parí?"

Ọmọ náà wá sí mi lójú, ọmọ tí n kò tíì rí. Mo rí i nínú ẹ̀rọ, omi ń dà sí i lára, kò sí ẹni tó ń pe oríkì rẹ̀. Mo wo ẹyẹ játijàti tó fi oorun dù mí. Mo tún wo arúgbó tó ti ní òun gbà nítorí mi, tó ń wò mí bíi pé òun lòun fi ọ̀pẹ náà ta mí lọ́rẹ. Kò ní rí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni wọ́n máa fi ọ̀pẹ ta lọ́rẹ nínú ilé yìí.

Mo ní, "N kò gbà. Ó ń kan igi mọ́ mi létí. Ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Apẹ̀rẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ Àmọ̀kẹ́. Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ mi tún dè, tí ó fi dùn mí dé eegun. Agégi lẹ́yìn ọgbà na ẹsẹ̀, ó yí padà, ó rìn lọ bí ẹni tí wọ́n fi ebi lé. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń fi ọwọ́ pa ọrùn ẹsẹ̀ mi.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Dúródọlá ti dìde. Ó bi Etí bóyá òfin gbígba ìjà jà ṣì wà. Etí ní ó wà. Ó ní òun fẹ́ gba ìjà ìyá yìí jà, títí ọjọ́ tó bá parí, bí kò bá sì parí, títí ayé. Etí ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, àfi bí òun náà bá ní ìdí ìjà pẹ̀lú Àmọ̀kẹ́. Kí ni Àmọ̀kẹ́ ṣe fún un?

Ọkùnrin náà ronú títí. Ó ní epo tó bù sórí iṣu òun kò tó. Iná Etí kò pọ́n. Ó ní obìnrin náà ń rìn jù. Ojú tì mí fún un. Ìwé tó kà gbogbo, wọn kò kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń bínú.

Àmọ̀kẹ́ ló gbà á sílẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí, kò kọ ọ́ lórin, ẹnu lásán ló fi sọ ọ́: "Ẹlẹ́sẹ̀ bí ọmọ orí odó, bàtà tó wọ̀ ní làákàyè jù ú lọ. Ta ló tilẹ̀ bi èyí?"

Etí pọ́n bí ẹyin iná. "Èébú," ni ó wí. "Ìdí wà."

Ẹ̀gbà já lẹ́sẹ̀ mi, ó bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Dúródọlá bọ́ bàtà dídán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ẹ̀gbà, òun fúnra rẹ̀ ló fi í sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò síṣẹ́ mọ́, kò sí ìlú ńlá mọ́. Ó fà á wò bóyá ó dè dáadáa. Ojú rẹ̀ wà lókè ọ̀pẹ ní gbogbo ìgbà tó ń ṣe é, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Òmùgọ̀ pọ̀ láyé o, oríṣiríṣi ni wọ́n.

N kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Mo di aṣọ ọmọ tí mo ti tọ́jú, mo di kànìnkànìn. Nígbà tí mo jáde, ìgò àdín kan wà ní ẹnu ọ̀nà mi, èyí tí Àmọ̀kẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè, tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi ń pa ọmọ tuntun lára. Kò sí ẹnì kankan nítòsí rẹ̀. Láti inú yàrá rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ:

*Ẹni tó bá fi àdín mi pa ọmọ lára,*
*Kó pa á dé ẹsẹ̀, kó má ṣe ahun.*

Mo mú ìgò náà. N kò dúpẹ́. Mo dá a lóhùn pé àdín rẹ̀ ń rùn, mo sì rọra dì í sáàárín aṣọ kó má baà fọ́.

Mo dé òkúta ààlà. Mo gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, kò gbóná. Mo gbé èkejì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Ọ̀gá Dúródọlá láti àgbàlá wa, ó ń gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gbà:

*Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,*
*Orí yín tóbi díẹ̀.*

Mo dúró. Ta ní ń fi "ẹ jọ̀ọ́" búni? Bí ìjà bá rí báyìí, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí wọ́n á fi di ọ̀rẹ́, tí wọ́n á fi jọ jókòó máa jẹ ẹ̀pà, tí Etí á fi ní ìjà ti parí, tí Agégi á fi padà wá. Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀ lórí ilẹ̀ òdìkejì. Mo fi ọwọ́ bo etí kan, mo ju ohùn sẹ́yìn:

*Orí bí àgbá, ọrùn bí okùn,*
*Atẹ́gùn ọ̀la ló máa gbé e lọ;*
*Ẹ so ó mọ́ ọ̀pẹ kó má fò,*
*Ó fúyẹ́ ju ìyẹ́ ẹyẹ lọ.*

Ọ̀gá náà wá gbé e, ó ń wá ohùn kiri bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì nínú koríko, ó sì ṣi ìlà kẹta kọ. Mo tún un kọ fún un. Ó tún un gbé, lọ́tẹ̀ yìí ó dé ibi tó yẹ kó dé. Àmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ayé ọkọ wa, ó sì fi orin tó burú jù lọ dá a lóhùn.

Ó ṣì kù díẹ̀ káàtó, ṣùgbọ́n arúgbó náà á kọ́ ọ. Mo gbé ẹrù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin ọmọ dán ohùn mi wò lọ́nà.